Backhoe lára ẹ̀rọ kékeré: ẹ̀yìn katakata, iwájú Bobcat, àbí ká yá ẹ̀rọ tó dá dúró?

Ẹni tó bá fẹ́ ta backhoe fún yín, ìyẹn apá irin oníbọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ń so mọ́ ẹ̀rọ láti fi gbẹ́lẹ̀, bí ihò rẹ̀ ṣe máa jìn tó ló máa kọ́kọ́ sọ. “Èyí á gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, tọ̀hún á gbẹ́ mẹ́jọ.” Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, kí ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí eyín bọ́kẹ́ẹ̀tì bá kan yangí tí yangí kò gbà, ibo lára ẹ̀rọ mi ni agbára yẹn máa padà sí? Ẹni tó ń fa ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀ líle mọ ohun tí mò ń sọ: bí ẹ̀gẹ́ kò bá jáde, ẹ̀yìn ló máa dun ẹni tó ń fà á. Bí olùtajà kò bá lè fọwọ́ kan irin tó máa gba agbára yẹn, ẹ jẹ́ kí owó yín wà lápò ná.

Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ti ní ẹ̀rọ kékeré kan nílẹ̀, tàbí tó ń wo tòkunbọ̀ kan lójú, tó sì fẹ́ kó máa bá òun gbẹ́ ilẹ̀: adágún ẹja n'Íjẹ̀bú, kòtò páìpù omi n'Íbàdàn, ìpìlẹ̀ ilé, soakaway. Katakata oko ńlá bíi Massey Ferguson 375, tí agbára rẹ̀ tó ẹṣin 75, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Katakata kékeré tí agbára wọn wà láàárín ẹṣin 20 sí 50 la ń sọ, pẹ̀lú skid steer, ẹ̀rọ kúkúrú tó ń gbé ẹrù níwájú, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bobcat láìka ilé iṣẹ́ tó ṣe é sí, àti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí awakọ̀ ń dúró sẹ́yìn wọn wà, bíi Toro Dingo.

Ẹ̀yìn katakata: ọ̀nà méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn

Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ katakata kékeré dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ṣásí bíi ti mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì, ilé kílọ́ọ̀ṣì, ilé jíà àti ilé áàsù ẹ̀yìn ni wọ́n fi bóòtù kan ara wọn, àwọn náà sì ni eegun ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀rọ. Irin tí wọ́n yọ́ dà ni. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í tẹ̀. Ọjọ́ tó bá gba ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ, ńṣe ló máa là, epo jíà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀. Àtúnṣe irú irin bẹ́ẹ̀ ṣòro gan-an, owó rẹ̀ sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti katakata míì.

Ọ̀nà kìíní ni kí ẹ fi backhoe kọ́ ìkọ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn: apá méjì nísàlẹ̀, ọ̀pá kan lókè. Ohun tó mú kó wu èèyàn ni pé ó rọrùn, owó rẹ̀ kéré, ó sì lè bá katakata oríṣiríṣi mu. Ṣùgbọ́n tìtorí ohun ìtúlẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe ìkọ́ yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè, kó sì fà á tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Lára katakata kékeré, píìnì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 22 lọ. Backhoe ní tirẹ̀ kì í tẹ̀ lé èèyàn jẹ́jẹ́. Ó ń tì, ó ń lọ́, ó ń gbé sókè, ó sì tún ń gbá sọ́tùn-ún sósì.

Ohun kan tún wà tí olùtajà kì í sábà sọ. Nínú ọ̀pọ̀ katakata, apá ìsàlẹ̀ méjèèjì yẹn lágbára láti gbé nǹkan sókè, wọn kò lágbára láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá há sí gbòǹgbò ìrókò, tí ẹ sì ń fà á wálé, gbogbo backhoe lè gbéra nílẹ̀ kó máa bọ̀ wá síwájú. Ẹ̀yin ni ẹ jókòó sáàárín rẹ̀ àti katakata. Ọ̀pá òkè yẹn nìkan ló dá a dúró, bí ó bá ṣẹ́ tàbí tí píìnì rẹ̀ yọ, ohun tó máa tẹ̀ lé e kò ṣeé fẹnu sọ. Ìdí nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú backhoe yìí fi máa ń fi ọ̀pá líle kún un láti ti ìkọ́ náà pa, kó má lè rìn sókè sódò. Èyí tí kò bá ní ọ̀pá yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ tún ka ìwé katakata yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, torí ìwé míì máa ń sọ ọ́ gbangba pé kí ẹ má fi backhoe sórí ìkọ́ mẹ́ta.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó láé. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, tí backhoe sì kéré, tó jẹ́ kòtò páìpù tí kò jìn ju orúnkún lọ, yóò ṣe é. Bó bá jẹ́ owó tèmi ni, mi ò ní rà á.

Ọ̀nà kejì ni férémù abẹ́. Irin gígùn méjì ni, wọ́n gba abẹ́ katakata láti ilé áàsù ẹ̀yìn lọ dé ibi tí apá ìkólẹ̀ iwájú ti so mọ́ ọn. Backhoe á wá kọ́ orí férémù yìí. Nígbà tí yangí bá kọ̀, agbára tó padà wá á tàn ká gbogbo ara ẹ̀rọ, kò ní kó ara jọ sórí ilé áàsù nìkan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú tí ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ẹsẹ̀ ìdúró méjì tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn yóò gba ìwúwo kúrò lórí táyà, gbogbo rẹ̀ á sì di ohun kan ṣoṣo tó jókòó sílẹ̀.

Bí férémù bá dára, ẹ máa mọ̀ nígbà tí ẹ bá ń so ó. Ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ìkọ́ ìsàlẹ̀ á fi gbé píìnì rẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ nu ẹnu họ́ọ̀sì mọ́, ẹ so wọ́n. Ẹ tún tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ẹsẹ̀ ìdúró àti apá backhoe fúnra rẹ̀ gbé e sókè sílẹ̀ títí ihò òkè á fi bára mu, kí ẹ wá fọwọ́ ti píìnì bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ni mo wí. Èyí tó bá ń béèrè òòlù, nǹkan kan ti wọ́ níbì kan.

Kubota BX23S jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára: láti ilé iṣẹ́ ni apá ìkólẹ̀ iwájú, férémù àti backhoe ti bá a jáde. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju ẹṣin 22 lọ, síbẹ̀ ó ń gbẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà 6, ìyẹn bíi mítà 1.8. Fún adágún ẹja tí omi rẹ̀ kò ju mítà kan àbọ̀ lọ, jíjìn yẹn ti tó. Ohun tí kò ní tó ni bí apá rẹ̀ ṣe gùn: ẹ máa ṣí ẹ̀rọ kúrò lójú kan lọ́pọ̀ ìgbà kí adágún tó fẹ̀, erùpẹ̀ tí ẹ sì ti kó jáde á máa dí yín lọ́nà bí ẹ kò bá ti ronú ibi tí ẹ máa dà á sí.

Àwọn kan á ní kí wẹ́dà àdúgbò bá àwọn ṣe férémù. Ó ṣeé ṣe, mo sì ti rí èyí tó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí iná wẹ́dà kan ilé jíà tàbí ilé áàsù rárá. Bóòtù ni kó fi mú un, níbi tí ilé iṣẹ́ ti lu ihò sílẹ̀ fún bóòtù tẹ́lẹ̀. Kí bóòtù náà jẹ́ èyí tí wọ́n tẹ 8.8 tàbí 10.9 sí lórí, kì í ṣe èyí tí orí rẹ̀ mọ́ láú tí ẹnikẹ́ni kò mọ agbára rẹ̀. Kí férémù náà dé iwájú. Èyí tó bá dúró sábẹ́ ìjókòó awakọ̀, ìkọ́ mẹ́ta tó wọ aṣọ míì ni. Kí wẹ́dà sì tú orí bátìrì kúrò kó tó tan iná.

Epo ló ń gbẹ́lẹ̀

Epo háídrólíìkì, èyí tí pọ́ńpù ń tì láti fi gbé apá, là ń sọ. Iye epo tó ń ṣàn ló ń sọ bí apá á ṣe yá tó. Bí epo náà ṣe ń tẹ̀ tó ló ń sọ bó ṣe máa lágbára tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì ra backhoe tó tóbi ju ohun tí pọ́ńpù wọn lè bọ́ lọ. Àwọn katakata tó kéré jù lọ sábà máa ń ṣan bíi lítà 20 sí 30 ní ìṣẹ́jú kan. Skid steer máa ń ṣan 60 sí 90. Ẹ gbé backhoe tí wọ́n ṣe fún Bobcat wá sára katakata ẹṣin 22, apá rẹ̀ á máa rìn bí ẹni tí oorun ń kùn. Ẹ gbé ti katakata lọ sára Bobcat láìdín epo kù, á máa já lójijì, fáàfù rẹ̀ á sì máa gbóná.

Lẹ́yìn katakata, ọ̀nà méjì ni epo fi ń wọ backhoe. Àwọn kan ní pọ́ńpù tiwọn tí PTO, ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata, ń yí, ní yíyí 540 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì ní ilé epo tiwọn. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí inú backhoe kò ní dé inú katakata. Àwọn tó kù ń gba epo katakata fúnra rẹ̀, họ́ọ̀sì mẹ́ta ni: ọ̀kan gbé epo wá, ọ̀kan gbé e kọjá lọ sí apá ìgbéǹkansókè ẹ̀yìn, ọ̀kan dá a padà sílé epo láìsí ohun tó ń dí i. Ẹ kíyè sí ìkẹta yẹn. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń so họ́ọ̀sì méjì péré mọ́ fáàfù ẹ̀yìn, wọ́n á wá fi rọ́bà so lẹ́fà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má bàa padà. Á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí epo ṣe ń gbóná tó, tó sì ń tì padà síbi tí kò yẹ, sílì, rọ́bà tó ń dí epo mọ́nú, ni yóò kọ́kọ́ sanwó rẹ̀, pọ́ńpù á tẹ̀ lé e.

Iwájú Bobcat

Ìtàn skid steer ṣàlàyé ìwà rẹ̀. Ní 1957, nílùú Rothsay ní Minnesota, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Cyril àti Louis Keller, ṣe ẹ̀rọ kékeré kan fún àgbẹ̀ tó ń sin tòlótòló. Inú ilé tòlótòló ló ti fẹ́ máa kó ìgbẹ́ wọn, orí òkè ilé náà ni ẹ̀rọ yóò sì ti ṣiṣẹ́, torí náà ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ fúyẹ́, kó sì lè yí lójú kan. Láti ibẹ̀ ni Bobcat ti wá. Ẹ̀rọ tó kúrú, tó ń yí lójú kan, tí ẹrù rẹ̀ wà níwájú: ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá gbé irin gígùn kan kọ́ ọ níwájú.

Ìdí nìyí tí nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù lára Bobcat kì í fi í ṣe agbára ẹṣin. Ẹrù tí wọ́n gbà yín láyè láti gbé ni, ó sì wà nínú ìwé ẹ̀rọ. Fún skid steer oní-táyà, ìdajì ẹrù tó máa mú ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbéra nílẹ̀ ni wọ́n fi sí. Ìwúwo backhoe, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún amọ̀ tútù, kò gbọ́dọ̀ kọjá nọ́ńbà yẹn nígbà tí ẹ bá ń gbé e rìn. Ẹ gbé e sísàlẹ̀ bí ẹ bá ń rìn, pàápàá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Lẹ́yìn èyí, Bobcat dára ju katakata lọ ní ohun mẹ́ta. Epo rẹ̀ pọ̀. Irin pẹlẹbẹ tó fi ń mú ohun èlò jẹ́ irú kan náà lára ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, nítorí náà backhoe tí ẹ rà fún ọ̀kan lè bá òmíràn mu. Ó sì yá láti bọ́ sílẹ̀: ẹ bọ́ họ́ọ̀sì, ẹ ṣí lẹ́fà méjì, ẹ fi ẹ̀yìn rìn jáde. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò láàárọ̀, tó ń kó yanrìn lọ́sàn-án, Bobcat ni kó rà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ra apá tí kò yí láìmọ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà. Ọ̀kan ní òpó tó ń yí sọ́tùn-ún sósì, ó ní ẹsẹ̀ ìdúró, òmíràn nínú wọn sì ní ìjókòó tirẹ̀ lóde. Èkejì kò ju apá àti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó le gbagidi. Bí ẹ bá fẹ́ da erùpẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo ẹ̀rọ lẹ máa yí. Owó rẹ̀ wọ́lẹ̀ púpọ̀, ó sì dára fún híhú kùkùté àti òkúta. Fún kòtò gígùn, táyà yín á tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ di ẹrẹ̀ kí ẹ tó ṣe ìdajì. Èyí tó ní ìjókòó lóde náà ní ohun tó yẹ ká rò: irin tó ń dáàbò bo orí awakọ̀ wà nínú kábíìnì, ẹ̀yin kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ kékeré tí a ń dúró lò, àti èyí tó dá dúró

Lórí Dingo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúkúrú ni. Ohun tí ẹ ń rà ni fífẹ̀ rẹ̀: àwọn kan nínú wọn kò fẹ̀ tó mítà kan, wọ́n lè gba géètì kékeré kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bí géètì yín bá gba Bobcat, kò sí ìdí láti lo èyí fún backhoe. Bí kò bá gbà á, òun àti ṣọ́bìrì ló kù.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí olùtajà backhoe kò ní sọ. Mini excavator, ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ kékeré tó dá dúró, tó wọ̀n tó tọ́ọ́nù 1.7, bíi Kubota U17, ń gbẹ́ bíi mítà 2.3. Lókè lọ́hùn-ún, gbogbo ara rẹ̀ ń yí po. Backhoe kì í yí kọjá ìdajì. Ẹsẹ̀ irin mini excavator lè sún wọlé kó gba ibi tí kò fẹ̀ ju mítà kan lọ. Awakọ̀ rẹ̀ ń wo iwájú, kì í dide láti ìjókòó kan lọ sí òmíràn nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ sún síwájú ní ẹsẹ̀ bàtà méjì. Bí gbígbẹ́ ilẹ̀ bá jẹ́ olórí iṣẹ́ yín, tí kíkó ẹrù jẹ́ ọmọ rẹ̀, ẹ má fi backhoe kọ́ nǹkankan. Ẹ yá ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wà, tàbí kí ẹ rà á. Backhoe tí a so mọ́ ẹ̀rọ jẹ́ ti ẹni tí gbígbẹ́ máa ń já lù nínú iṣẹ́ míì.

| | Ibi tí agbára ń padà sí | Yíyí apá | Ẹni tó yẹ |
|---|---|---|---|
| Katakata, ìkọ́ mẹ́ta | Ilé áàsù àti ọ̀pá òkè | Bẹ́ẹ̀ ni | Ilẹ̀ rírọ̀, kòtò tí kò jìn |
| Katakata, férémù abẹ́ | Gbogbo ara ẹ̀rọ | Bẹ́ẹ̀ ni | Olóko, adágún ẹja, páìpù |
| Skid steer | Apá iwájú àti irin pẹlẹbẹ rẹ̀ | Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó | Ilé kíkọ́, iṣẹ́ àdàlù |
| Ẹ̀rọ tí a ń dúró lò | Apá iwájú | Ó yàtọ̀ síra | Ẹ̀yìnkùlé tóóró |
| Mini excavator | Ara tirẹ̀ | Yípo tán | Ẹni tí ilẹ̀ gbígbẹ́ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ |

Ilẹ̀ yín náà ní ohùn

Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta wà lórí àpáta, yangí sì pọ̀ lórí rẹ̀. Níbẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì tóóró tó fẹ̀ níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30, tí eyín rẹ̀ mú, á ṣiṣẹ́ ju èyí tó fẹ̀ ní 60 lọ, torí gbogbo agbára ẹ̀rọ kékeré yẹn á kó ara jọ sórí eyín mélòó kan. Ní Ẹ̀pẹ́ àti Lẹkí, yanrìn ni. Gbígbẹ́ rẹ̀ kò le, ẹ̀gbẹ́ kòtò ni kì í dúró. Ẹsẹ̀ ìdúró á máa rì, nítorí náà ẹ tẹ́ pákó nípọn sábẹ́ wọn, kí ẹ sì jìnnà sí etí kòtò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò yanrìn nítorí pé ẹ̀rọ ti gbẹ́ ẹ tán. OSHA, àjọ tó ń rí sí ààbò iṣẹ́ l'Amẹ́ríkà, kò gbà kí òṣìṣẹ́ wọ kòtò tó jìn tó mítà 1.5 láìsí ohun tó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú tàbí kí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àfi bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ àpáta. Erùpẹ̀ tó kún mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga lè wọ̀n ju tọ́ọ́nù kan àbọ̀ lọ. Ó tó mọ́tò kékeré kan lórí àyà èèyàn.

Bí ẹ bá ń wo tòkunbọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun dá yín lójú. Ẹ na apá rẹ̀ jáde tán, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ di ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Díẹ̀ kò burú. Bí ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń rìn bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe fẹ̀ tó, píìnì àti bọ́ọ̀ṣì òpó tó ń yí ti jẹ tán, ihò fúnra rẹ̀ sì lè ti di ẹyin. Ihò tó ti di ẹyin gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgbẹ́rin, píìnì tuntun nìkan kò lè tún un ṣe.

Ẹ gbé apá sókè tòun ti erùpẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn, kí ẹ sì máa bá ọ̀rọ̀ owó lọ. Bí apá bá ti sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tó ná an dé ìdajì, sílì inú jáàkì, irin tó ń ti apá, tàbí fáàfù ti lọ. Ẹ fi ojú wo ọ̀pá dídán tó ń jáde látinú jáàkì: ibi tó bá ti ha, ibẹ̀ ni epo á máa gbà. Ẹ wá ojú ibi tí wọ́n ti fi iná wẹ́dà tún irin ṣe níbi tí òpó ti pàdé férémù, àti lábẹ́ ìjókòó, níbi tí ojú kì í sábà dé.

Họ́ọ̀sì nìkan ni mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Epo tó ń sá jáde látinú ihò tó kéré bí abẹ́rẹ́ lè gba inú awọ wọlé, ojú ibẹ̀ á sì dà bí ìgbà tí ẹ̀gún gún èèyàn, kò tilẹ̀ ní dun yín púpọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ fi pálí wá jíjò náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọ awò ojú. Bó bá ti wọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má fi àdí pa á, ẹ má sì dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn tó ní dókítà oníṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé epo háídrólíìkì ló wọ inú ara rẹ̀, torí ẹni tó bá wo ojú ọgbẹ́ nìkan á ní kí ẹ máa lọ sílé.